Ajá kékeré tó ń tètè jáyà àti ọmọ tuntun: ìmúra tó yẹ kí ìdílé ṣe



Ní agbègbè wa yìí, láti Ìbàfò dé Mowe títí dé Ifọ̀, ilé tuntun ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wà níbi tí igbó ṣì pọ̀ ju aládùúgbò lọ. Nítorí olè, àwọn ìdílé Mùsùlùmí kan ń sin ajá sínú ọgbà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ ajá ńlá. Àwọn mìíràn ń sin ajá kékeré tí gbígbó rẹ̀ ń jí onílé. Irú ajá bẹ́ẹ̀ sì máa ń tètè jáyà: bí jẹnẹrétọ̀ bá bú, yóò sá sábẹ́ mọ́tò, bí àlejò bá wọlé, yóò máa kùn, ara rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n.

Bí ìyàwó ilé bá wá lóyún, kí ni ká ti ṣe ti ajá yìí sí? Àwọn kan á dúró títí ìsọmọlórúkọ yóò fi ku ọ̀la, wọ́n á wá lọ jù ú sílẹ̀ létí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ajá tí a jù sílẹ̀ di ajá ìgboro, kò sí ẹni tó máa gba abẹ́rẹ́ fún un mọ́, ọmọ ẹlòmíràn ló sì lè bù jẹ. Àwọn mìíràn kò ní ṣe nǹkan kan, wọ́n á ní, "Ajá kékeré ni, kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan." Ewu wà nínú ìyẹn náà. Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kò ju èyí lọ: ẹ̀rù ló sábà máa ń mú irú ajá bẹ́ẹ̀ gé ènìyàn jẹ, ẹ̀rù kì í sì í tán lọ́jọ́ kan. Bí oyún bá ti pé oṣù mẹ́fà, ó yẹ kí ìmúra bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀sìn fi kọ́ wa

Nínú hádíìsì tó wà nínú Bukhari àti Muslim, Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti sin ajá láìnídìí, ó sì yọ ajá ọdẹ, ajá oko àti ajá tó ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka ajá tó ń ṣọ́ ilé mọ́ wọn. Ó tún kọ́ wa pé àwọn màláíkà kì í wọ ilé tí ajá wà, àti pé kí a fọ abọ́ tí ajá bá ti ẹnu bọ̀ nígbà méje. Ṣùgbọ́n òun náà ló sọ ìtàn ọkùnrin tó pọn omi nínú kànga fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́hun sì torí rẹ̀ forí jì í. Ẹ bi Aáfà yín nípa ìdájọ́ tó kù. Ti ìlera ni tèmi: ìmọ́tótó àti àánú gbọ́dọ̀ jọ wà nínú ilé kan náà. Kí ajá ní ilé tirẹ̀ nínú ọgbà, níbi tí òjò àti oòrùn kò ti ní pa á, kí ó ní abọ́ tirẹ̀, kí abọ́ náà má sì wọ ilé ìdáná láé.

Abẹ́rẹ́ àti oògùn aràn

Ẹ kọ́kọ́ mú ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ọ̀gbìn ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta fún ẹni tí kò bá rí dókítà nítòsí. Kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí a máa tún un gbà lọ́dọọdún, kí a sì tọ́jú káàdì rẹ̀. Ẹ má ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e káàkiri nínú àpò, torí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kò bá sí nínú òtútù lè má ṣiṣẹ́ mọ́.

Èkejì ni oògùn aràn. Ẹyin aràn ajá máa ń wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ó sì lè pẹ́ nínú iyẹ̀pẹ̀. Ọmọ tó bá ń rá kiri, tó sì ń ti ọwọ́ bọ ẹnu, lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹyin irú aràn tí à ń sọ yìí máa ń lo tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lè ran ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kó ìgbẹ́ ajá kúrò lójoojúmọ́ ti ṣáájú ewu.

Ẹ má fi oògùn inú ilé tọ́jú ajá. Paracetamol àti ibuprofen lè pa á. Ẹ má sì fi Sniper pa eégbọn ara rẹ̀. Májèlé ni fún ajá àti fún ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án.

Kíkọ́ ajá kí ọmọ tó dé

Ohunkóhun tó bá máa yí padà fún ajá, ẹ yí i padà nísinsìnyí. Bí ó bá ti ń wọ pálọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó ti kúrò níbẹ̀ ní oṣù méjì sí mẹ́ta kí ọmọ tó dé. Bí ó bá jẹ́ pé ìyàwó ló ń fún un lóúnjẹ, kí ọkọ gbà á ṣe.

Ẹ gba ohùn ẹkún ọmọ sórí fóònù. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ nígbà tí ajá bá ń jẹun, kí ẹ sì máa fi díẹ̀díẹ̀ gbé ohùn náà sókè láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ó bá dá oúnjẹ dúró tàbí tó sá, ẹ tún mú un wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò fi mọ̀ pé ẹkún ọmọ kì í ṣe ohun ìjayà.

Ẹ kọ́ ara yín náà láti mọ ohun tí ajá ń sọ. Bí ó bá ki ìrù bọ àárín itan, tó ká etí sẹ́yìn, tó ń lá ètè láìsí oúnjẹ, tàbí tí ara rẹ̀ le gbagidi, ẹ̀rù ń bà á. Ẹ má na ajá torí pé ó kùn. Kíkùn ni ìkìlọ̀ rẹ̀. Ajá tí a nà títí tí kò fi kùn mọ́ lè gé ènìyàn jẹ láìkìlọ̀.

Nígbà tí ọmọ bá dé

Kí bàbá ọmọ kọ́kọ́ mú aṣọ tí a fi wé ọmọ wálé, kí ajá gbóòórùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, èrò yóò pọ̀, a óò pa àgbò, ẹ̀jẹ̀ àti ẹran yóò wà nílẹ̀. Kí àlejò tó dé, ẹ ti mú ajá lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tó dákẹ́, ẹ fún un ní omi, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé kankan lọ tọ́ ọ.

Ẹ má fi ajá àti ọmọ nìkan sílẹ̀ pọ̀, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí rá, ẹ tún ìṣọ́ náà ṣe, torí pé ìgbà náà ni òun fúnra rẹ̀ máa ń lọ bá ajá. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí ajá náà ṣì ń fẹ́ bu ènìyàn jẹ, ẹ fà á fún ẹni tí ẹ mọ̀, tí kò ní ọmọdé nílé, pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ òótọ́ ìwà rẹ̀ fún un.

Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ má fi epo pupa, ata tàbí àgúnmu sí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí ó bá jẹ́ pé èékánná ló ha á. Wọ́n sábà máa ń gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje, àti láàárín ọjọ́ 14 sí 28. Ẹ gbà á parí bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀. Ẹ má pa ajá náà: ẹ so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 10 kí a lè mọ̀ bóyá ó ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ 10 kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé ẹni tí ajá bá ha kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ nítorí pé ó ń bẹ̀rù ẹgba.

Ọmọ jẹ́ àmánà lọ́wọ́ wa, ẹranko tí a so mọ́lẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ àmánà. Kí Ọlọ́hun sọ àwọn aboyún wa kalẹ̀ láyọ̀, kí Ó sì dá ẹ̀mí àwọn ọmọ wa sí. Àmín.