Oògùn Kì í Di Òkúta Nílé Ọmọ

"Màmá Agbẹ̀bí, ọmọ ọdún 26 ni mí, àtásì ni mò ń tà ní Gbégamey. Oṣù méjì nìyí tí mo ti ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró. Bí mo bá ti dé láti ọjà ni mo ń gbé e mì, nígbà mìíràn ní agogo mẹ́jọ alẹ́, nígbà mìíràn ó ti di ọ̀gànjọ́. Ẹ̀jẹ̀ a máa yọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kì í ṣe àsìkò nǹkan oṣù mi. Ìyá ọkọ mi ní oògùn náà ló ti kó jọ sílé ọmọ mi, pé kí n fi àgbo fọ̀ ọ́ kó tó di òkúta. Ìtọ̀ mi gan-an ti ń pọ́n bí Fanta láti nǹkan bí oṣù kan, àwọn oògùn ikọ́ tí wọ́n fún mi ní ọsibítù kò sì jẹ́ kí oúnjẹ wù mí. Ẹ gbà mí o."
Aláàtásì, Gbégamey, Kútọnu.

Òkúta! Òkúta yìí náà tún ni.

N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sóṣù tí kì í wọlé tọ̀ mí wá. Wọ́n ń kọ ọ́ sí mi láti Àjàṣẹ́, wọ́n ń kọ ọ́ láti Kétu, wọ́n ń kọ ọ́ láti Ṣábẹ̀. Ẹnìkan tiẹ̀ ní ẹ̀kún igbá kan ni wọ́n kó jáde nínú aládùúgbò òun. Mo ní ta ló rí igbá náà? Ó ní àbúrò ẹni tó sọ ọ́ fún òun ni. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń dúró ti dókítà níbi tí wọ́n ti ń la ikùn obìnrin. A ti bá ìbejì níbẹ̀, a ti bá iju tó tó orí ọmọ níbẹ̀. Hóró oògùn kan ṣoṣo, a ò bá a rí.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ dákun, ẹ fetí sílẹ̀. Ohun tí a bá gbé mì, ọ̀fun ló ń gbà. Ó dé inú, ó yọ́, ìfun fà á sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, a tọ̀ ọ́ dànù, a sì yà á dànù. Ọ̀fun àti ilé ọmọ kò jọ ní ilẹ̀kùn kankan. Bí ohun tí a gbé mì bá ń já sílé ọmọ ni, gààrí tí a ti mu láti kékeré ì bá ti kún ibẹ̀ dé ẹnu. Parasitamọ́ọ̀ tí ẹ ń lò sí ẹ̀fọ́rí ńkọ́, ṣé orí ló ń kó jọ sí?

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ṣírò ó, nítorí mo mọ̀ pé ọlọ́jà ni ẹ, ẹ mọ owó kà. Nínú hóró funfun kan, nínú irú páálí tó wọ́pọ̀ jù, ojúlówó oògùn ibẹ̀ kò ju mílígíráàmù 0.18 lọ: levonorgestrel 0.15, ethinylestradiol 0.03. Ṣúgà àti sítáàṣì ni ìyókù, tí wọ́n fi pò ó kí ọwọ́ lè rí i mú. Hóró funfun 21 ló wà nínú páálí, páálí 13 lèèyàn ń lò lọ́dún. Ẹ pa á pọ̀: ti ọdún kan kò pé mílígíráàmù 50. Ti ọdún mẹ́wàá gbáko, bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ jókòó sínú yín láìmira, kò tó hóró parasitamọ́ọ̀ kan tó jẹ́ 500. Níbo ni òkúta ti fẹ́ wá?

Kò sì jókòó. Ti àná ti ń jáde lónìí, ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó lójoojúmọ́. Bó bá ń kó jọ ni, ẹ ò bá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹ wá sinmi.

Àgbo ìfọnú yìí gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹlẹ́ja kan wà tí wọ́n fún ní irú ẹ̀ mu fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó bì, ó yàgbẹ́, ojú rẹ̀ wọnú. Oògùn alẹ́ rẹ̀ ń bá èébì jáde kó tó ráyè wọ ẹ̀jẹ̀, torí ohun tí èèyàn bì láàárín wákàtí mẹ́ta, bí ẹni pé kò lò ó ni. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Nígbà tó padà wá bá mi, ó ti lóyún, èmi náà ni mo sì gbẹ̀bí rẹ̀. Òkúta tí wọ́n ní kó fọ̀ dànù ti wọ CE1 níléèwé báyìí, ó sì máa ń kí mi lójú títì.

Mo mọ ibi tí ìtàn yìí ti ń rí oúnjẹ jẹ. Òfin tí Faransé ṣe ní 1920 láti fi de ọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí wà lọ́rùn wa títí di oṣù Kẹta ọdún 2003, kí òfin 2003-04 tó gbé e kúrò. Ìyá ọkọ rẹ dàgbà sábẹ́ òfin yẹn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ oògùn yìí, kò sì sí agbẹ̀bí lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ì bá dá a lóhùn. Nítorí náà, n kò bú u.

Ó dáa, ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Oògùn yìí a máa mú kí ara inú ilé ọmọ fẹ́lẹ́, bí ògiri tí wọ́n rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ara kò tíì mọ̀ ọ́n, ibi tó fẹ́lẹ́ a máa ṣí níhìn-ín lọ́hùn-ún, ẹ̀jẹ̀ a sì kán. Kì í ṣe ìbàjẹ́. Láti ìgbà tí Gregory Pincus àti John Rock ti ń dán oògùn náà wò ni wọ́n ti rí i. Èròjà kan ló ti ṣèèṣì dà pọ̀ mọ́ oògùn tiwọn. Wọ́n yọ ọ́ kúrò kí oògùn lè mọ́, ni ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lára àwọn obìnrin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n fọwọ́ ara wọn dá a padà.

Ohun kejì ni aago. Agogo mẹ́jọ lónìí, ọ̀gànjọ́ lọ́la: ìyẹn náà ń fa ẹ̀jẹ̀. So ó mọ́ ohun tí o kì í gbàgbé. Ìwọ tí ò ń dáná àtásì ní ìdájí, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ẹ̀wà. Bí o bá gbàgbé ẹyọ kan, gbé e mì bí o bá ti rántí. Bó bá di méjì, máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ẹ lo kọ́ńdọ́ọ̀mù fún ọjọ́ 7. Hóró 7 aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ páálí, irin afúnlẹ́jẹ̀ lásán ni, ẹ má fi wọ́n ṣáájú àwọn funfun. Kí ẹ sì rà á ní fàmásì tàbí ní ilé ìlera, kì í ṣe nínú agbọ̀n. Ọlọ́pàá tú ọjà oògùn Adjégounlè ká ní Tọ́kpá ní 2017, agbọ̀n ò yéé rìn.

Ẹ mọ̀ mí, n kò lè dáhùn lẹ́tà kan kí n má kan ẹnu ilé ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń yọ lẹ́yìn tí ọkọ bá bá yín sùn, ẹ má dá oògùn lẹ́bi, ẹ wá ká wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti pé ọdún 30, ẹ wá bí ẹ̀jẹ̀ kò tiẹ̀ yọ rárá. Òwú la ó fi kan ọtí kíkan síbẹ̀, a ó dúró fún ìṣẹ́jú kan. Bí ojú ibì kan bá funfun, a ti tètè rí ohun tó lè di jẹjẹrẹ nìyẹn, nígbà tó ṣì ṣeé tọ́jú. Ọtí kíkan o, èyí tí ẹ ń dà sí sàláàdì! Ẹ ń bẹ̀rù ìyẹn, ẹ ò sì bẹ̀rù àgbo tí ẹ ò mọ ẹni tó sè é.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń rin pádì kan láàárín wákàtí kan, inú tó ń dunni lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ kan tó wú, àyà tó ń dunni, ẹ̀fọ́rí òjijì tó le: ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má kọ̀wé sí mi.

Mo ti dé ìdérí bírò kí n tó tún lẹ́tà yìí kà. Ìtọ̀ bí Fanta. Oògùn ikọ́. Oṣù kan. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ gan-an rèé, mo sì fi òkúta bò ó mọ́lẹ̀.

Ó jọ pé ikọ́ ife ni wọ́n ń tọ́jú fún ọ. Oògùn rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ rifampicin, òun ló ń pa ìtọ̀ láró, ìyẹn kò ṣe ọ́ ní nǹkan. Ṣùgbọ́n a máa mú ẹ̀dọ̀ ṣiṣẹ́ kánkán débi pé yóò fọ́ oògùn ìfètò rẹ kó tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ lè ti ibẹ̀ wá, oyún náà sì lè wọlé. Má dá oògùn ikọ́ ife dúró o! Oṣù mẹ́fà ni, lò ó pé. Ìfètò ni kí wọ́n pààrọ̀: abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta tàbí èyí oníbàbà tí wọ́n ń fi sílé ọmọ, rifampicin kò lè dí wọn lọ́wọ́. Ti abẹ́ awọ apá kò bá a mu. Bí o bá tilẹ̀ parí oògùn ikọ́, jẹ́ kó pé oṣù kan sí i kí o tó padà sí oníhóró.

Kọ́ńdọ́ọ̀mù láti alẹ́ òní. Láàárọ̀ ọ̀la, ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ oyún wò fún ọ. Mú páálí méjèèjì dání, ti ikọ́ àti ti ìfètò, kí o sì kó wọn síwájú nọ́ọ̀sì pa pọ̀, torí ó jọ pé ẹni tó fún ọ ní ọ̀kan kò mọ̀ pé èkejì wà.