"Ó Ń Mu Epo": Gírámà àti Ìṣirò Táńkì Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ọkọ̀ yìí ń mu epo." Láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, kò sí gáréèjì tí èèyàn lè jókòó sí pẹ́ láìgbọ́ ọ. Mẹkáníìkì ń sọ ọ́, awakọ̀ ń sọ ọ́, ẹni tó fẹ́ ra tòkúnbọ̀ sì máa ń fi ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́: "Ṣé kì í mu epo?" Mo fẹ́ kí a yẹ gbólóhùn náà wò gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, kí a sì wò ó bóyá ó lè jẹ́ kí ẹni tó ni ọkọ̀ mọ iye tí yóò ná. Honda Prelude ọdún 1997, ọkọ̀ asáré onílẹ̀kùn méjì, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ẹbí wa.

Àríyànjiyàn náà

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Ìkọ̀lé ló ni ọkọ̀ náà. Òun ló ń fi gbé ìyá wa àgbà lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó lóṣooṣù, àwa yòókù la sì ń dá owó epo. Nígbà tí lítà epo kan ṣì jẹ́ nǹkan bí 185 náírà, kò sẹ́ni tó béèrè pé lítà mélòó ni ìrìn àjò náà ń gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, NNPC gbé iye tí wọ́n ń tà á ní Èkó sí 488 náírà. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, ó di 617 ní Àbújá. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti di 998 ní Èkó àti 1,030 ní Àbújá.

Owó tí à ń dá kò ká epo mọ́. Àǹtí mi ní kí ẹ̀gbọ́n mi ta ọkọ̀ náà: "Ó ti ń mu epo jù." Ẹ̀gbọ́n mi fèsì pé: "Ẹ má bínú, Àǹtí. Bí mo bá ti rọ ọ́ kún, ó máa ń pẹ́ kó tó tán." Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, kò yanjú. Bẹ́ẹ̀, òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé ohun kan náà ni.

Mu, jó, jẹ

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni a sábà máa ń lò fún ọ̀rọ̀ yìí. *Mu* ló wọ́pọ̀ jù: ọkọ̀ ni olùṣe, bí ẹni pé ó ní ẹnu àti ọ̀fun. *Jó* máa ń jẹ yọ nígbà tí a bá ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí epo: "Epo ti jó tán nínú gosíló." *Jẹ* ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: "Ó ń jẹ ọ́ìlì." Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ asáré tó ti pẹ́, nítorí àìsàn méjì ni. Ọkọ̀ tó ń mu epo lè jẹ́ pé pílọ́ọ̀gì ló ti gbó. Èyí tó ń jẹ ọ́ìlì lè ní àárẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo "ń". A mọ̀ pé ó lè tọ́ka sí ibá atẹ́rẹrẹ, ó sì lè tọ́ka sí bárakú. Nínú "Ó ń mu epo", bárakú ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ bẹntiróòlù tí kì í mu epo! Bí a bá mú ọ̀rọ̀ náà ní ṣáńgílítí, gbogbo ọkọ̀ ló ń mu epo, irọ́ sì ni "Kì í mu epo." Kí ló dé tí a kò ka ẹni tó sọ ọ́ sí òpùrọ́? H. P. Grice ṣàlàyé irú èyí nínú "Logic and Conversation", tó jáde ní 1975: olùgbọ́ máa ń rò pé olùsọ kò ní fi ohun tí gbogbo ayé mọ̀ dá òun lágara, nítorí náà, á wá ìtumọ̀ abẹ́lẹ̀. Bákan náà ni a ṣe ń gbọ́ "Ọkùnrin yẹn ń mu ọtí." A mọ̀ pé kì í ṣe ìgò kan lọ́dún ni wọ́n ń wí.

Ohun tí ìtumọ̀ abẹ́lẹ̀ náà ń sọ ni "ó ń mu ju bó ṣe yẹ lọ." Ju ti ta ni? Ju ti ọ̀kadà ni àbí ju ti bọ́ọ̀sì? Gbólóhùn náà kò sọ. Ìdájọ́ ni, kì í ṣe ìwọ̀n. Ìdájọ́ sì lè tó nígbà tí epo pọ́ọ́kú, àmọ́ kò ṣeé fi pín owó láàárín ọmọ ìyá mẹ́fà.

Ohun mẹ́ta tí a ń pè ní ọ̀kan

Àwọn àgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ti kọ́ wa pé tí ọ̀rọ̀ kò bá sí, kí a ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fi wúlò títí dòní. Ẹ jẹ́ kí n dábàá mẹ́ta, kí ẹ sì tún un ṣe bí ẹ bá ní èyí tó dára jù ú lọ.

*Àyè táńkì*: iye lítà tí táńkì ń gbà. Ti Prelude náà jẹ́ 60. Ti Toyota Corolla tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1998 sí 2002 jẹ́ 50.

*Ìrìn-lítà*: iye kìlómítà tí lítà kan ń gbé ọkọ̀ rìn.

*Ìrìn-táńkì*: ibi tí táńkì kíkún lè gbé ọkọ̀ dé. Bí ẹ bá fi àyè táńkì sọ ìrìn-lítà di púpọ̀, òun nìyẹn.

Ká sọ pé lítà kan ń gbé Prelude rin kìlómítà 9, ó sì ń gbé Corolla tó ti darúgbó díẹ̀ rin 10. Prelude: 60 × 9 = 540. Corolla: 50 × 10 = 500. Ẹ rí i pé èyí tó ń mu epo jù ni táńkì rẹ̀ ń pẹ́ jù! Ìrìn-lítà ni Àǹtí mi ń sọ, ìrìn-táńkì sì ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ. Táńkì ńlá kì í dín owó kù. Iye ìgbà tí èèyàn ń yà sí ilé epo nìkan ló ń dín kù.

Ìrìn-táńkì orí ìwé sì kọ́ ni kí a máa rìn tán. Nínú ọkọ̀ bíi Prelude, inú táńkì ni páńpù epo wà, epo tó yí i ká ló sì ń mú kí ó tutù. Ẹni tó bá ń rìn títí yóò fi gbẹ lè fi owó epo ra páńpù. Abẹ́rẹ́ géèjì pàápàá kì í sọ̀ kalẹ̀ déédéé, pàápàá nínú ọkọ̀ àtijọ́: ìlàjì àkọ́kọ́ lè pẹ́, kí ìkejì sì sáré tán. Ẹ fi lítà 10 pamọ́ nínú ìṣirò yín. Fún Prelude wa, ìyẹn á sọ 540 di 450.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

1. Ẹ rọ epo kún ní ilé epo títí ẹnu páńpù yóò fi dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹ má fi agbára kún un lẹ́yìn ìyẹn.
2. Ẹ kọ nọ́ńbà ìrìn tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀.
3. Ẹ wa ọkọ̀ bí ẹ ṣe ń wà á tẹ́lẹ̀, ó kéré tán títí táńkì yóò fi lọ sí ìlàjì.
4. Ẹ padà sí ilé epo kan náà, páńpù kan náà bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì tún rọ ọ́ kún. Ẹ kọ iye lítà tó gbà.
5. Ẹ fi lítà náà pín kìlómítà tí ẹ rìn.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Epo inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò ṣeé lò fún èyí, nítorí kò dá yín lójú pé ohun tí wọ́n pè ní lítà mẹ́wàá pé mẹ́wàá.

Ẹ ṣọ́ra fún tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà: máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù ń kà. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.609. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, ti Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ 4.546. Nítorí náà, "máìlì 25 fún gálọ́ọ̀nù kan" jẹ́ kìlómítà 10.6 fún lítà kan lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n 8.9 péré lẹ́nu ará Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ méjì.

Èwo ni ká fi ṣáájú?

Èdè wa lè sọ ọ́ lọ́nà méjì: "Lítà kọ̀ọ̀kan, kìlómítà mẹ́sàn-án" tàbí "Ọgọ́rùn-ún kìlómítà, lítà mọ́kànlá." Ó dà bí ẹni pé bákan náà ni, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ń tan ọkàn jẹ. Larrick àti Soll kọ nípa ẹ̀tàn yìí nínú ìwé àtìgbàdégbà Science ní 2008. Ẹ wò ó: ọkọ̀ kan kúrò ní kìlómítà 5 fún lítà kan, ó di 6. Òmíràn kúrò ní 10, ó di 15. Èwo ló dín owó kù jù? Ọ̀pọ̀ wa yóò ní èkejì. Ṣùgbọ́n fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ti àkọ́kọ́ kúrò ní lítà 20 sí 16.7, ti èkejì kúrò ní 10 sí 6.7. Lítà 3.3 ni àwọn méjèèjì dín kù! Àtúnṣe kékeré lára ọkọ̀ tó ń mu epo gan-an lè tó àtúnṣe ńlá lára èyí tí kì í mu. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń dá owó, "ọgọ́rùn-ún kìlómítà" ni kí ẹ fi ṣáájú.

Ìdí tí ọkọ̀ asáré àtijọ́ fi ń mu

Ẹ́ńjìnnì Prelude náà jẹ́ lítà 2.2, ti Corolla sì jẹ́ 1.8. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré sì máa ń yí ẹ́ńjìnnì kíkankíkan kó lè tètè fò. Eré fúnra rẹ̀ tún ń gbowó: bí ẹ bá kúrò ní 80 sí 120 ní wákàtí kan, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dá ọkọ̀ padà á ju ìlọ́po méjì lọ. Ọjọ́ orí wá kún un: pílọ́ọ̀gì tó jó, táyà tí kò kún, bíréèkì tó ń di ẹsẹ̀ mú, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó ti kú. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ kò wọ́n láti tún ṣe.

Ìlẹ̀ wa náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ Èkìtì mọ̀ pé òkè pọ̀ níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ kan máa ń fi jíà sí nútírà bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí epo lè ṣẹ́kù. Ọgbọ́n yìí bá ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ ayé àtijọ́ lọ. Nínú ọkọ̀ onínjẹ́kítọ̀ bíi Prelude, bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí epo tí jíà sì wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń dá epo dúró. Bí ó bá wà ní nútírà, ẹ́ńjìnnì á máa mu díẹ̀díẹ̀ kó má bàa kú. Kò dín epo kù, ó sì tún ń gba lọ́wọ́ awakọ̀ ìrànlọ́wọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe fún bíréèkì.

Ohun tó yọrí sí

A wọn Prelude náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó wà ní nǹkan bí 9. Ká fi kìlómítà 80 ṣe àlọ àti àbọ̀ ìrìn àjò ilé ìwòsàn, kí lítà kan sì jẹ́ 1,000 náírà kó lè rọrùn. Lítà 8.9 ni, ìyẹn 8,900 náírà. Corolla tó ń rin 10 yóò gba 8,000. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 900 náírà lóṣù. Ní iye àtijọ́, 185, Prelude kan náà kò ju 1,650 lọ lójú ọ̀nà kan náà. Ọkọ̀ kò yí padà. Epo ló fi ohun tó ju ìlọ́po márùn-ún gbówó lé e. Nígbà tí mo kà á fún Àǹtí mi, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Kí ẹ ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ látijọ́." Láti ìgbà náà, lítà là ń dá, a kì í dá náírà mọ́: ẹnì kan, lítà kan àtààbọ̀, iye yòówù kí epo jẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Àwa mẹ́fà, lítà mẹ́sàn-án, ó pé. Ìyá wa àgbà kò pa ọjọ́ ilé ìwòsàn kankan jẹ.

Ìdánrawò

1. Àyè táńkì ọkọ̀ kan jẹ́ lítà 55, ìrìn-lítà rẹ̀ jẹ́ 10. Bí a bá fi lítà 10 pamọ́, kìlómítà mélòó ló lè rìn?
2. Sọ "máìlì 30 fún gálọ́ọ̀nù kan" ti Amẹ́ríkà di kìlómítà fún lítà kan.
3. "Epo ọkọ̀ mi máa ń pẹ́." Nínú ohun mẹ́ta tí a dárúkọ lókè, èwo ni olùsọ ń wí? Ṣàlàyé.
4. Gba gbólóhùn márùn-ún tó ní *mu*, *jó* tàbí *jẹ* sílẹ̀ ní gáréèjì tó sún mọ́ ọ, kí o sì tọ́ka sí ìtumọ̀ abẹ́lẹ̀ wọn.