Àrokò Inú Ẹ̀jẹ̀

Ní ayé àtijọ́, bí ogun bá dó ti ìlú kan, àrokò ni ọba ibẹ̀ fi ń ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó wá gbèjà òun. Irú àrokò bẹ́ẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ ara wa fi ń pe ara wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni ọ̀rá ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ bí ìdọ̀tí ti ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù, títí yóò fi dí. Ṣùgbọ́n iṣan kì í ṣe páìpù. Ẹran ara alààyè ni. Nígbà tí ọ̀rá bá wọ inú ògiri rẹ̀, tí ó sì bàjẹ́ níbẹ̀, awọ inú iṣan a ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, ọmọ ogun ara. Wọn a dé, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rá náà mì. Wọn a jẹ àjẹjù, wọn a wú bí ọṣẹ tí ó hó nínú igbá. Kàkà kí wọ́n dákẹ́, wọn a tún ránṣẹ́ pe àwọn mìíràn. Interleukin-1β ni orúkọ ọ̀kan pàtàkì nínú àrokò wọn. Ògiri iṣan a nípọn, a sì le. Lọ́jọ́ tí ìdérí egbò náà bá ya, ẹ̀jẹ̀ a dì lé e lórí lójijì. Bí ó bá jẹ́ iṣan tí ń bọ́ ọkàn ni, apá kan ọkàn a kú. Bí ó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé.

Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, ti sọ ní ọdún 1856 pé wíwú ògiri iṣan kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú àrùn yìí. Ní 1913, Anitschkow fi ọ̀rá kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bọ́ ehoro ní Rọ́ṣíà, iṣan wọn sì bàjẹ́. Nígbà tí ó yá, ọ̀rọ̀ ọ̀rá wá borí. Lójú tèmi, kò yẹ kí a fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì: ọ̀rá ni ó dá ìjà sílẹ̀, ọmọ ogun ni kò jẹ́ kí ó parí.

Ní ọdún 2017, Paul Ridker ti ìlú Boston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìdánwò kan jáde. Àwọn ènìyàn 10,061 tí àrùn ọkàn ti kọlù rí ni wọ́n dán an wò lára wọn. Oògùn canakinumab, tí ń mú interleukin-1β lọ́nà, ni wọ́n gún fún àwọn kan nínú wọn. Kò dín ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kù rárá. Síbẹ̀, láàrin àwọn tí ó gba ìwọ̀n mìlígíráàmù 150, ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú tí irú wọn ń fà fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò gbà á. Ṣùgbọ́n àkóràn tí ń pani pọ̀ sí i láàrin àwọn tí ó gba oògùn náà, nítorí àrokò kan náà ni ara fi ń pe ọmọ ogun rẹ̀ nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọlé.