Ta Ló Pa Aràn?

Ẹni tó bá ti Ìddó gba Òtò kọjá lọ sí ọjà Òyìngbò láàárọ̀ kò ní ṣàì gbọ́ igbe alágbo, "Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí rèé o!", ìyá tí inú ń run ọmọ rẹ̀ yóò sì na ọwọ́ gba ife kan, ìbáà ṣe pé aràn gan-an ló ń da ọmọ náà láàmú, nítorí pé lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa lónìí, aràn àti jẹ̀díjẹ̀dí ti di ìbejì, bẹ́ẹ̀ wọn kò bá ara wọn tan. Ohun abẹ̀mí tí à ń kó láti inú ilẹ̀ àti oúnjẹ tí a kò fọ̀ ni aràn. Àìsàn ìdí tí àwọn àgbà ń tìtorí rẹ̀ bú ohun dídùn ni jẹ̀díjẹ̀dí. Sòbìà gan-an, tó ń yọ lẹ́sẹ̀, aràn ni. Òwe tó ní kí sòbìà tó degbò, olúgàn-ánbẹ là á ké sí, ṣì wà láàyè, bí wọ́n tilẹ̀ ti jẹ́rìí sí i ní 2013 pé sòbìà fúnra rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Nínú gbogbo àṣìsọ nípa aràn, èyí tó ń dùn mí jù ni gbólóhùn àwọn oníròyìn wa pé "agbóguntàrùn ń pa aràn". Agbóguntàrùn ni ohun tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè láti fi bá àrùn jà, ṣùgbọ́n oògùn ló ń pa aràn. Àwọn onímọ̀ kan ní Switzerland, tí ìwádìí wọn jáde ní 2008 àti 2013, kó aràn Heligmosomoides polygyrus ran ẹ̀lírí: ọmọ aràn náà a wọnú ẹran ìfun lọ, a gbé ibẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́jọ kó tó jáde wá di àgbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi oògùn wẹ̀ ẹ́ dànù, tí wọ́n sì tún kó o ran ẹ̀lírí kan náà, agbóguntàrùn tó ti dá ọ̀tá mọ̀ a lẹ̀ mọ́ ọn lára, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara a rọ̀gbà yí i ká, ibẹ̀ ni yóò sì há sí. Agbóguntàrùn a tún máa dín ẹyin tí abo aràn ń yé kù. Ẹ wí pé ó há a mọ́, tàbí pé ó dá a dúró. Ẹ má wí pé ó dè é tọwọ́ tẹsẹ̀, nítorí aràn kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ọmọ ẹ̀lírí pẹ̀lú a máa mu agbóguntàrùn nínú ọyàn ìyá rẹ̀. "Mu" ni kí ẹ kọ, kì í ṣe "jogún": tìrẹ ni ogún títí ayé, ṣùgbọ́n èyí a máa tán díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú.