Ìfẹ́ Tí Ó Fo Igba Ọdún

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi kò gbé ìwé ìtàn ìfẹ́ àwọn tó ń bọ́ láti ìgbà kan sí òmíràn sílẹ̀ mọ́. Kí ló dùn níbẹ̀? (Ìyá kan, Ìlaròó)

Ìdáhùn: Ìdènà ni adùn ìtàn ìfẹ́. Nígbà kan, òbí tó bá ní òun ò gbà ti tó láti ya olólùfẹ́ méjì. Lónìí, ará Ayétòrò lè máa fi fóònù wo ojú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní London. Òǹkọ̀wé wá ìdènà tí fóònù kò lè borí: ó fi igba ọdún sáàárín wọn.

Nínú Outlander, tí Diana Gabaldon ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1991, Claire, nọ́ọ̀sì ojú ogun, gba àárín àwọn òkúta kan kọjá ní Scotland lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì bọ́ sí ọdún 1743. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Jamie. Bẹ́ẹ̀, ó ní ọkọ nílé o! Ó tún mọ̀ pé àwọn èèyàn Jamie máa fìdí rẹmi lójú ogun Culloden ní 1746. Claire mọ̀, òǹkàwé mọ̀; àwọn tó ń pọ́n idà kò mọ̀. Ìyẹn ló ń lé oorun lójú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ìrìn náà ń dùn fún. Nínú Kindred (1979) ti Octavia Butler, Dana, obìnrin adúláwọ̀ ti ọdún 1976, bá ara rẹ̀ ní oko ẹrú ní Maryland. Bí ọmọ Yewa bá sì bọ́ sí 1886, tí ogun Dàhọ̀mì tú Kétu, àfàìmọ̀ kí wọ́n má kó o lẹ́rú kó tó rí ọkọ.

Tí ọmọbìnrin yín bá fẹ́ òmíràn, kó wá The Time Traveler's Wife (2003): ọkọ ló ń pòórá níbẹ̀, ìyàwó ló ń retí.