Pajápajá Nínú Eré Ìje Ọlọ́nà Jíjìn: Okùnfà, Ìdènà àti Ojúṣe Olùkọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò pajápajá tó máa ń mú àwọn tó ń sá eré ìje ọlọ́nà jíjìn. Ó ṣàlàyé ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún nínú èdè Yorùbá, ó yẹ àwọn okùnfà rẹ̀ wò, ó sì tọ́ka sí ọ̀nà ìdènà. Ó fi kún un pé ó yẹ kí olùkọ́ lè ya pajápajá sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn mìíràn tó jọ ọ́, nítorí pé àṣìmọ̀ níbẹ̀ lè gba ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́.

1.0 Ìfáàrà

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ọdún 2016, ọ̀pọ̀ ènìyàn péjọ sí Pápá Ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè fún Ìje Marathon Ìlú Èkó. Kìlómítà 42.195 ni ìrìn náà. Wọ́n gba orí afárá Third Mainland kọjá, wọ́n sì parí rẹ̀ sí Eko Atlantic. Láti ìgbà náà ni irú eré ìje yìí ti túbọ̀ ń wu tọmọdé tàgbà. Àsìkò ooru yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú máa ń ṣe ìdíje tí gbogbo ayé mọ̀ sí íńtáháòsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó ń jáde láti Ìjagun lọ kọ́ni ní ilé-ìwé kì í yẹ̀ sílẹ̀ lórí pápá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, yálà èdè Yorùbá ni wọ́n ń kọ́ni tàbí ẹ̀kọ́ eré ìdárayá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ pajápajá fi kan gbogbo wọn.

2.0 Kí ni pajápajá?

Pajápajá ni kí iṣan ara ṣàdédé sún kì, kí ó le bí òkúta, kí ó máa ro ènìyàn gógó, kí ó sì kọ̀ láti dẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá tàbí ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun àti iṣan itan ló máa ń mú jù lára ẹni tó ń sáré. Ó yàtọ̀ sí gìrì, tó máa ń mú ọmọdé tí ara rẹ̀ gbóná. Ó sì yàtọ̀ sí wárápá. Ẹni tí pajápajá mú lẹ́sẹ̀ kò dákú. Ó mọ ibi tó ń dùn ún, ó sì lè fọwọ́ tọ́ka sí i.

3.0 Okùnfà pajápajá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Èrò méjì pàtàkì ló wà lórí ohun tó ń fa pajápajá.

*3.1 Àdánù omi àti iyọ̀:* Èyí ni èrò tó pẹ́ jù. Ní àwọn ọdún 1920, wọ́n ṣàkíyèsí pé pajápajá ń da àwọn awakùsà láàmú nínú ihò èédú tó gbóná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òógùn ń gbé iyọ̀ jáde lára wọn, omi lásán ni wọ́n sì ń mu dípò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi náà, ara tu wọ́n. Síbẹ̀, èrò yìí kò yanjú gbogbo ọ̀rọ̀. Gbogbo ara ló ń làágùn, àmọ́ iṣan tó ń ṣiṣẹ́ jù nìkan ni pajápajá sábà máa ń mú. Bí wọ́n bá sì na iṣan náà, ó máa ń dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì fún ẹni náà ní iyọ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2004 lórí àwọn sárésáré ní Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé ìyàtọ̀ díẹ̀ tó wà nínú iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí pajápajá mú àti àwọn tí kò mú kò tó ohun tí ènìyàn lè pè ní okùnfà.

*3.2 Àárẹ̀ iṣan:* Ní ọdún 1997, Martin Schwellnus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà gbé èrò kejì kalẹ̀. Oríṣi ìròyìn méjì ló ń ti ara iṣan lọ sí inú ọ̀pá ẹ̀yìn: ọ̀kan ń mú kí iṣan sún kì, èkejì ń mú kí ó dẹ̀. Bí àárẹ̀ bá mú iṣan, ti àkọ́kọ́ á lágbára sí i, èkejì á rẹlẹ̀. Iṣan á wá há síbẹ̀. Èyí ló fà á tí pajápajá fi sábà máa ń wáyé nígbà tí eré bá ń lọ sí òpin, tàbí nígbà tí sárésáré bá sá ju bó ti ṣe dánra wò lọ. Ó tún ṣàlàyé ìdí tí nínà fi ń wo iṣan sàn, nítorí pé ó ń jí ìròyìn kejì dìde.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà lónìí pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló ń fa pajápajá. Àárẹ̀, ooru àti àdánù iyọ̀ lè jùmọ̀ ṣiṣẹ́ lára ẹnì kan ṣoṣo.

4.0 Ìdènà àti ìtọ́jú

Igi gànràn-gànràn má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwọn ìlànà wọ̀nyí ṣe pàtàkì:

(i) Kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

(ii) Kí ó má ṣe fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré ní ìbẹ̀rẹ̀.

(iii) Kí eré ọlọ́nà jíjìn wáyé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú.

(iv) Kí ó mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́, kí ó sì jẹ oúnjẹ oníyọ̀ níwọ̀n. Àmujù omi náà léwu. Nínú àwọn sárésáré 488 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò níbi Marathon Boston ní ọdún 2002, ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù.

Bí pajápajá bá mú ẹsẹ̀, kí sárésáré dúró, kí ó na orúnkún rẹ̀ gbọọrọ, kí wọ́n sì rọra fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ìhà ojúgun títí iṣan náà yóò fi dẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ tàbí abẹ́rẹ́ gún un. Bákan náà, kuníní kì í ṣe oògùn tí ènìyàn ń lò fúnra rẹ̀ fún pajápajá. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ ní ọdún 2006 pé ewu rẹ̀ pọ̀.

5.0 Ohun tó jọ pajápajá

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti di ti ikú àti ìyè. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní ẹ̀jẹ̀ AS. Ọ̀pọ̀ wọn ni ara wọn dá ṣáṣá, tí wọn kò sì ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣùgbọ́n bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi agbára sáré jù nínú ooru, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀ kọdọrọ, kí ó sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan.

Àmì méjì ló yà á sọ́tọ̀. Èkíní, pajápajá sábà máa ń wá nígbà tó ti rẹ ènìyàn, nígbà tí èyí lè wá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí eré bẹ̀rẹ̀. Èkejì, iṣan tí pajápajá mú máa ń le koránkorán, ẹni náà a sì máa ké irora. Ní ti èkejì, iṣan kì í le lọ́wọ́, ńṣe ni ẹsẹ̀ kàn ń rọ tí akẹ́kọ̀ọ́ á sì wó lulẹ̀ pẹ̀lẹ́. Olùkọ́ tó bá rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tó ní kó dìde kó máa sáré lọ, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an sọ́run. Kí wọ́n dá eré dúró, kí wọ́n tù ú lára, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá. Bákan náà ni ti ẹni tí ara rẹ̀ gbóná janjan tó ń sọ ìsọkúsọ: omi tútù ni kí wọ́n kọ́kọ́ dà sí i lára.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àárẹ̀ iṣan, ooru àti àdánù iyọ̀ ló ń bí pajápajá, àti pé ìdánrawò tó tọ́ ni olórí ìdènà rẹ̀. Ó yẹ kí ilé-ìwé mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní kí ọjọ́ ìdíje tó dé, kì í ṣe láti lé ọmọ kúrò nínú eré, bí kò ṣe láti mọ bí wọn yóò ṣe ṣọ́ ọ. Ó sì yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín pajápajá, gìrì àti wárápá kọ́ni ní kíláàsì, kí ọmọ tó bá wà nínú ìrora lè rí ọ̀rọ̀ tó ṣe é sọ, kí ẹni tó gbọ́ ọ sì mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe.