Kí ẹ tó sanwó ṣọ́ọ̀bù, ẹ bèèrè ìwé àṣẹ ilé

Bí oníṣòwò bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, ohun tó máa ń bèèrè kò pọ̀: èló ni owó ọdún kan, ṣé iná ń wà níbẹ̀, ṣé èrò ń kọjá níwájú rẹ̀. Ìwé àṣẹ tí ìjọba fún ẹni tó kọ́ ilé náà kì í wọ inú ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ti onílé nìyẹn. Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, ṣé ti onílé náà ni?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard, ní Ìkòyí, l'Ékòó, wó lulẹ̀. Ó pa èèyàn tó lé ní 40. Ọ̀gá àjọ tó ń bójú tó ilé kíkọ́ ní ìpínlẹ̀ náà, LASBCA, sọ nígbà náà pé alájà 15 ni ìjọba fọwọ́ sí. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fájì, ní Erékùṣù Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà lókè ilé ọ̀hún. Èèyàn 20 ló kú, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o.

Òótọ́ ni pé ìwé àṣẹ ń náni lówó, àlọ-àbọ̀ ọ́fíìsì sì máa ń súni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ju òǹtẹ̀ lọ. Ẹnjiníà ti ṣírò ẹrù tí òpó kọ̀ọ̀kan lè gbé. Ilé tí wọ́n ṣírò fún ibùsùn àti àga kì í ṣe ibi tí èèyàn yóò to àpò ìrẹsì dé àjà. Ẹ wo omi lásán: tánkì lítà 1,000 tó bá kún wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì 20, ká tó ka tánkì fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá tún wó ògiri kan kí ṣọ́ọ̀bù lè fẹ̀, ó lè jẹ́ ògiri yẹn gan-an ló gbé dẹ́kìn dúró.

Nítorí náà, ẹ ní kí onílé fi ìwé hàn yín. Ẹ wo iye àjà tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ní kí wọ́n fi ilé náà ṣe, kí ẹ wá fojú ara yín ka àjà. Ẹ wo òpó bóyá ó ti là, tàbí bóyá ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ẹ wo ọ̀nà àbájáde kejì, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀rọ amúnáwá àti epo bẹntiróòlù kò sí lẹ́nu àtẹ̀gùn. Onílé tó bá bínú sí ìbéèrè yìí ti dá yín lóhùn.

Bí ìwé bá pé, ẹ gba ẹ̀dà kan, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì owó ilé. Bó bá sì di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wó ògiri, ẹnjiníà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó pe bíríkìlà.